Lẹ́tà Méjìdínlógún Orí Tábìlì Màmá Edna

Obìnrin kan wà tí mo gbé ilé rẹ̀ fún ọdún márùn-ún ní Moss Side, ní ìlú Manchester. Àìsàn kan ló pa á, àìsàn tí ó ṣeé ṣe kó má pa á ká ní ó tètè wá ìtọ́jú, ọwọ́ mi sì wà nínú ìdí tí kò fi tètè wá a. Láti ìgbà tí mo ti padà sílé ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ mi ti ń ní kí n sọ ti òkè òkun fún àwọn. Mo máa ń sọ ti yìnyín, mo máa ń sọ ti ọkọ̀ ojú irin, mo sì máa ń sọ ti àwọn ìwé tí mo kà. N kì í sọ ti obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n mo ti di àgbà, àgbà tó bá sì ń ṣa kìkì ibi tó dùn sọ nínú ìtàn ara rẹ̀, ọmọdé ni ó ń tan jẹ.

Ọdún 1984 ni mo dé ibẹ̀. Kì í ṣe òtútù ni ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, nítorí wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn ènìyàn ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní tí mo wọ bọ́ọ̀sì ní Princess Road, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ kú àárọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Awakọ̀ wò mí nínú díńgí rẹ̀, ó sì sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, pé: “Jókòó, ọ̀rẹ́. Kò sí wàhálà.” Mo jókòó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń wọ ilé ọlọ́fọ̀.

Ìmọ̀ ètò ilé ìkàwé ni mo wá kọ́. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ipò tí wọ́n ní àwọn fi pamọ́ dè mí nílé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo sì gba iṣẹ́ ní abẹ́ ilẹ̀ ilé ìkàwé ńlá kan nínú ìlú. Òǹkàwé tó wà lókè yóò kọ orúkọ ìwé tó fẹ́ sórí pépà pélébé, ẹ̀rọ kékeré kan yóò gbé pépà náà wá sísàlẹ̀, èmi yóò sì wá ìwé náà láàárín àwọn pẹpẹ tó gùn bí òpópónà, n ó fi ránṣẹ́ sókè. Mo ti ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìlú náà ló ka ìwé tí mo gbé lé wọn lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ojú mi. Iṣẹ́ náà kò ṣòro. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé bí mo bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ara mi ni mo ń bá sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí ilé Edna, obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, fi ṣe pàtàkì sí mi. Ilé bíríkì pupa ni, ó so pọ̀ mọ́ àwọn ilé yòókù bí eyín ṣe so pọ̀ lẹ́nu. Opó ni, ó ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà èwe ló ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òwú, ariwo ẹ̀rọ sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹnu ènìyàn ni ó máa ń wò kó tó mọ ohun tí ènìyàn ń sọ. Ó ní kí n máa pe òun ní Edna, bí gbogbo ayé ṣe ń pe òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní Màmá.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí kì í pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́,” ni ó wí.

Derek ni ọmọ náà ń jẹ́. Ramsbottom ló ń gbé, kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìjà kan ti wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú baba rẹ̀, kì í sì í wá. N kò béèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé ibẹ̀ ni Màmá Edna kan ìṣó kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀nà, ó ní, “Ibẹ̀ ni kóòtù rẹ yóò máa wà.” Bóyá ohun kékeré ni lójú ẹni tó ń kà á. Èmi mọ bí inú mi ṣe dùn tó ní ọjọ́ náà: mo ti ní ibi kan ní England tó jẹ́ pé bí kò bá sí kóòtù mi níbẹ̀, ẹnì kan yóò wò ó, yóò sì béèrè mi.

Ní Sunday kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo kọ́kọ́ rí àwọn lẹ́tà náà. Abala igi kéékèèké méjìdínlógún ni wọ́n, Màmá Edna tò wọ́n sórí aṣọ funfun, a sì ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan sára wọn. Èyí tí ojú mi kọ́kọ́ bà dà bí mọ̀nàmọ́ná tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run. Mo mọ àmì náà. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú kọ méjì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lára ògiri ibùdókọ̀ tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì, ó sì ti kọ sábẹ́ wọn pé kí àwa aláwọ̀ dúdú padà síbi tí a ti wá.

Mo gun òkè lọ, mo kó ẹrù mi sínú àpótí, mo sì gbé e sọ̀ kalẹ̀.

“Níbo lò ń lọ?”

“Màmá, mo rí àmì yìí lára ògiri ibùdókọ̀. Mo mọ àwọn tó ni ín.”

Ó mú igi náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì wo ẹnu mi bí ẹni tó fẹ́ kí n tún un sọ. “Èyí? Oòrùn nìyí. Oòrùn àti ìṣẹ́gun. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ọkọ mi fi bá àwọn Jẹ́mánì tó jí i lò jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ọmọ ìta tó ń fi ọ̀dà ba ògiri jẹ́ yẹn, bí o bá ní kí wọ́n kọ orúkọ ara wọn, wọn yóò ṣì í kọ. Gbé àpótí rẹ padà sókè, tíì rẹ ti ń tutù.”

Mo gbé e padà. Bí mo ṣe ń mu tíì náà ni ó ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní lẹ́tà àwọn Jẹ́mánì àtijọ́ ni wọ́n, láti ìgbà tí ìhìn rere kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ sọ́jà rí ìwé kékeré kan nípa wọn nínú ilé kan tí bọ́ǹbù wó ní Germany, ó mú un bọ̀ wálé, ó sì fi pẹ́ńsù kọ ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sáàárín ìlà. Nígbà tí ọkọ náà kú, ìwé náà ni ó kù tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀ jù lọ. Opó náà kà á títí ó fi há a sórí. Ó ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń sọ. Ní ọ̀sán Saturday ni ó máa ń bì wọ́n sílẹ̀, yóò mú mẹ́ta, yóò sì bi wọ́n léèrè bóyá kí òun tún òrùlé ṣe, bóyá kí òun kọ lẹ́tà sí Derek. Èmi fẹ́ràn láti wò ó. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ lójú mi. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, bí mo ti rò ó sí nìyẹn.

Ní ọdún 1986, mo máa ń lọ sínú àpótí tẹlifóònù ní Princess Road lẹ́yìn ìsìn Sunday, láti pe Ìbàdàn. Àbúrò baba mi ló ní tẹlifóònù nílé. Ìgbà kan wà tí mo pe ìgbà mẹ́rin tí n kò gbọ́ ohùn baba mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún Bàbá ní fóònù.”

“Bàbá ti lọ sóko.”

“Oko? Pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn?”

“Orúnkún ti san, jàre. Wọ́n tilẹ̀ ń sáré. Ìwọ mójú tó ìwé rẹ.”

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, tí mo ti ṣe ìdánwò ìkẹyìn, ni ọkùnrin ará Ìbàdàn kan tó ń gbé ní Stockport wá bá mi nílé. Ó jókòó, ó béèrè omi, ó bá mi sọ ti ojú ọjọ́ fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó ti òun. Baba mi ti kú, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe ogójì ọjọ́. Nígbà tí mo pe àbúrò baba mi, ó ní: “Ṣé kí á wá pa ọ́ sí ìlú òyìnbó ni? O wà níwájú ìdánwò.”

Mo sunkún, ṣùgbọ́n n kò bínú sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Ọ̀rọ̀ búburú kì í ṣe òkò tí à ń sọ lu ojú ẹni tó ni ín. Ẹbí rẹ̀ ni à ń wá lọ, pàápàá ẹni tó súnmọ́ ọn jù lọ. Àwọn ni yóò mọ ìgbà tí yóò gbọ́ ọ, àwọn ni yóò sì dì í mú nígbà tó bá ń ṣubú. Mo gbà pé ìfẹ́ ni. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nígbà náà pé ìfẹ́ pàápàá ní ilẹ̀ tí ó ti ń hù, àti pé ó lè di májèlé bí a bá gbìn ín sí ilẹ̀ mìíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989, ní Saturday kan, Màmá Edna bi àwọn igi náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láì sinmi. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àmì kan náà jáde: ìlà kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán, bí álífù tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń kọ sí wàláà.

“Yìnyín nìyí,” ni ó wí. “Ohun tó ń sọ ni pé kí n dúró jẹ́ẹ́. Kí n má ṣe mira.”

“Kí ni ẹ bi í léèrè?”

Ó gbé apá òsì rẹ̀ sókè, ó sì fi ìka kan abẹ́ rẹ̀. “Kókó kan wà níbí. Láti ìgbà Kérésìmesì. Mo béèrè bóyá kí n fi han dókítà.” Ó wo ẹnu mi. “Kí ni ìwọ rò?”

Ó béèrè lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó béèrè. Mo sì mọ̀ pé kókó abẹ́ abíyá lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó tó bí mi ni, inú ilé rẹ̀ ni mo wà, ara rẹ̀ ni à ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ó sì ti mú ọ̀nà kan gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ ná. Ta ni èmi tí n ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Mo dáhùn bí wọ́n ti kọ́ mi láti máa dá àgbà lóhùn.

“Bí ẹ bá ti rí i náà ni, Màmá.”

Ó kó àwọn igi náà padà sínú àpò wọn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Fọláṣadé, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Stockport. Bí àbúrò ni ó jẹ́ sí mi àti ìyàwó mi tí mo fi sílẹ̀ nílé. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kejì nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò.

“Bọ̀dá, ẹ má bínú o, kí lẹ sọ pé ó ń dúró dè?”

“Ó ní àwọn lẹ́tà náà ní kí òun dúró.”

“Lẹ́tà! Kókó abẹ́ abíyá, ní ọjọ́ orí ìyá yẹn, igi ni yóò ṣe test ẹ̀? Ẹ gbé wọn lọ sí hospital lọ́la. Ẹ má tiẹ̀ bá wọn jiyàn, ẹ ṣáà wọ kóòtù fún wọn.”

“Fọlá, ìyá mi kọ́. Wọ́n ní ọmọ.”

“Ọmọ tí kì í wá? Ẹ̀yin lẹ ń jẹun lórí tábìlì wọn, Bọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀.”

Ó sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì lè fi òótọ́ náà ṣe nǹkan. Èmi jẹ́ ènìyàn tó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé, mo sì padà sínú abẹ́ ilẹ̀ lọ wá ìwé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kà wọ́n ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo rí àwòrán òkúta ńláńlá, ìlẹ̀kẹ̀, ìyarun àti idà tí àwọn ará ìgbàanì kọ àwọn lẹ́tà náà sí. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n lára àwọn tó pẹ́ jù lọ. Nígbà tó yá, àwọn ará àríwá dín wọn kù sí mẹ́rìndínlógún. Kò sí ibì kankan tí mo ti rí méjìdínlógún ti Màmá Edna bí ó ti tò wọ́n sórí aṣọ funfun. Ìwé kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ló tú u fún mi. Ọkùnrin ará Austria kan ló ṣe wọ́n, ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ṣáájú àkókò tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, wọ́n di ojú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì ní inú òkùnkùn náà ni àṣírí lẹ́tà méjìdínlógún ti ṣí payá fún òun. Ó mú lára ti àtijọ́, ó fi ti ara rẹ̀ kún un, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára àti ọ̀rọ̀ tí yóò máa sọ. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ awo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn wọn ni àwọn ìkà tí ọkọ Màmá Edna bá jagun gba èyí tó wù wọ́n. Ìlà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ yìnyín yẹn wà láti ayébáyé ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà lásán ni, wọ́n ń fi í kọ orúkọ òkú sára òkúta àti orúkọ olówó sára ìyarun. Pé kí opó kan ní Moss Side má ṣe lọ rí dókítà, kò sí òkúta kankan tó sọ ọ́.

Mo fẹ́ ṣe olóòótọ́ níhìn-ín. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú lẹ́tà kan nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Lẹ́tà tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló jókòó tò ó fún èdè wa, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe é. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n fi ewú lé ọmọdé lórí, wọ́n ní bàbá arúgbó ni, wọ́n sì ní kí a máa béèrè ìyè àti ikú lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi tún dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, bí inú ẹni tó já irọ́ ṣe máa ń dùn. Mo rò pé mo ti rí oògùn náà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ìwé náà lọ gbé e bọ̀ nínú báàgì mi. Alaalẹ́ ni mo jókòó níwájú obìnrin náà, tí à ń jẹ ọ̀dùnkún àti ẹja, tí ẹnu mi kò sì là. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i? Pé ohun tí ọkọ yín fi sílẹ̀ fún yín, irọ́ ni? Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá tó mọ ọ̀nà ilé yóò ṣe. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ramsbottom láti rí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ilé òkúta ni ilé Derek, lórí òkè. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀; mo sọ pé ayálégbé ìyá rẹ̀ ni mí, kò sì ní kí n wọlé.

“Ṣé òun ló rán ọ?”

“Rárá, sà. N kò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà náà, ti kókó, ti igi, ti ìwé. Mo fa ìwé náà yọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

“Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sọ fún un pé pàǹtí ni. Ọdún mẹ́fà!”

Ó yẹ kí n ti gbọ́ ohun tó wà nínú ohùn yẹn. Ìdí ìjà wọn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́, èmi sì rò pé ẹkún ìfẹ́ ìyá ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sùn dáadáa ní ọjọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. N kò retí pé yóò yára tó bẹ́ẹ̀. Kò kí ìyá rẹ̀, kò jókòó. Ó gbá àpò igi náà mú lórí tábìlì, ó tú u dà sínú iná tó ń jó nínú ààrò, gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lè dìde.

“Ọ̀la lo ń lọ sí hospital,” ni ó pariwo. “Pàǹtí tí wèrè kan ṣe lò ń bá sọ̀rọ̀. Ayálégbé rẹ aláwọ̀ dúdú pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ó wá bá mi nílé láti sọ ọ́ fún mi!”

Màmá Edna kò wo iná. Èmi ni ó wò.

“Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, Màmá.”

“O ní ọ̀rọ̀ nípa ara mi. O gbé e kọjá lára mi níbi tábìlì yìí, o wọ bọ́ọ̀sì, o lọ sọ ọ́ ní Ramsbottom.”

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń ṣe é nílé, mo fẹ́ sọ ti baba mi. Derek ṣì ń pariwo, n kò sì lè pariwo ju ọmọ lọ níwájú ìyá rẹ̀. Màmá Edna ní kí àwa méjèèjì jáde. Derek jáde pẹ̀lú ìbínú, ó fi ilẹ̀kùn lu férémù. Èmi bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n wá ilé mìíràn kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèjì náà, ó ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ ní aago mẹ́fà bí ó ti máa ń ṣe, lẹ́yìn náà yóò kọ ẹ̀yìn sí mi. Bí ó bá sì ti kọ ẹ̀yìn sí mi, kò sí ohun tí mo lè sọ tó lè gbọ́.

Kò lọ rí dókítà. Derek kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀kan, kò fèsì, Derek náà sì jáwọ́. Mo ń gbé lọ́dọ̀ Fọláṣadé àti ọkọ rẹ̀ ní Stockport. Mo kọ ìwé mẹ́ta sí Màmá Edna, wọ́n sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láì ṣí wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ dúró níwájú ilé náà. Mo rí i tí aṣọ fèrèsé mì. Kò ṣí ilẹ̀kùn. N kò mọ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ báyìí, pé ẹni tó bá jìnnà sílé kì í pàdánù ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè kọ́ òmíràn, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó o pẹ̀lú èrò rere.

Ní oṣù karùn-ún ni Fọláṣadé ti ibi iṣẹ́ dé tí kò bọ́ kóòtù.

“Bọ̀dá, wọ́n gbé ìyá yín wọ wọ́ọ̀dù wa lónìí. Wọ́n ṣubú nílé, postman ló rí wọn.” Ó jókòó. “Ó ti wọ inú egungun.”

“Kí ni dókítà sọ?”

“Pé ká ní wọ́n wá ní February ni.” Kò parí rẹ̀. “Ẹ lọ rí wọn, ẹ má wulẹ̀ ra òdòdó.”

Mo lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Obìnrin tó máa ń gbé garawa èédú láì mí gúlegúle ti di ohun tí aṣọ ìbora fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mọ́lẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà, níwájú àwọn aláìsàn mìíràn. N kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún òyìnbó kankan rí, n kò sì ṣe é mọ́ láti ìgbà náà.

“Dìde,” ni ó wí. “Wọn yóò rò pé o ṣubú, wọn yóò tún fún ọ ní bẹ́ẹ̀dì.”

Mo fa àga, mo jókòó níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí ẹnu mi. Mo sọ fún un níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀, ohun tí mo kà: ti ọkùnrin ará Austria, ti ojú tí wọ́n dì, ti lẹ́tà méjìdínlógún tí kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mo mọ̀,” ni ó wí.

N kò gbọ́ ọ yé.

“Ó wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ọkọ mi sì fi pẹ́ńsù túmọ̀ rẹ̀. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo mọ̀wé kà? N kò ní kí o sọ fún mi pé lẹ́tà náà pẹ́ tàbí kò pẹ́.” Ó fa aṣọ ìbora sókè díẹ̀. “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìyá mi ní irú kókó yẹn. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn, ohunkóhun tó bá ní kó dúró jẹ́ẹ́, yóò gbà á gbọ́. Mo bi ọ́ léèrè nítorí mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé kí n má dúró.”

“Màmá, nílé wa, ènìyàn kì í sọ fún àgbà pé—”

“Ilé mi la wà,” ni ó wí.

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Mo béèrè ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti béèrè ní ìgbà òtútù: “Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà yín?”

“Ó ń bà mí gan-an.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò fà á kúrò.

Ní aago mẹ́rin, nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ̀ mí wá pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́. Ó ní àkókò àlejò ti parí, àwọn ẹbí nìkan ló lè dúró ti aláìsàn tó bá wà ní ipò yìí. Ó wò mí, ó wo Màmá Edna, ó tún wò mí.

“Kí ni ẹ jẹ́ sí i, sà?”

Nílé, ọ̀rọ̀ náà kò ní í tó ìṣẹ́jú kan lẹ́nu mi: ọmọ rẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹ̀tọ́ ọmọ ṣeré kọjá bó ṣe yẹ. Mo di ọwọ́ Màmá Edna mú gírígírí.

Màmá Edna kò la ojú. Bóyá bí mo ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú ló jẹ́ kó mọ ìbéèrè náà.

“Ayálégbé mi ni,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kó jókòó.”

Nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fa kọ́tìnì yí wa ká.